Àyè Àtẹ́lẹwọ́ Méjì

Ohùn tí mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ti àkùkọ, kì í sì í ṣe ti ládàánì. Ohùn àtẹ́lẹwọ́ bàbá àgbà mi lórí òkúta ni. Pà, lẹ́ẹ̀kan. Yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún ṣe pà. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ tí yóò ha ọ̀fun, tí yóò sì kírun. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, mo sì ti gbé láwọn ilé tó jẹ́ pé aago inú fóònù ló ń jí ènìyàn, ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹnì kan bá fọwọ́ gbá ògiri ní yàrá kejì, ohun tí ara mi máa kọ́kọ́ rò ni pé Àsùbáà ti tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dàgbà nínú ilé tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ọdún kan péré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, ọdún tí ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílé wa, tó sì jẹ́ pé ìmọ́tótó ló fà á.

Àgbàlá wa kì í ṣe ilẹ̀ erùpẹ̀, kì í sì í ṣe sìmẹ́ńtì. Bàbá tó bí bàbá àgbà mi ló fi òòlù la ẹ̀gbẹ́ àpáta ẹ̀yìn ilé, tó to àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ìdí kànga. Gbogbo ayé wa wà lórí òkúta yẹn. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà mi ń sá láfún sí, ibẹ̀ la ti ń fọ abọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ wàláà kéú mi. Tí oòrùn bá wọ̀, òkúta náà ṣì máa ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ ìdí ẹni, àwa ọmọdé á sì máa jà sí èyí tó gbóná jù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí egbò ti bo ẹsẹ̀ méjèèjì bàbá àgbà mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá. Nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì wé e láti orúnkún dé ọmọ ìka, ó ní omi kò gbọdọ̀ kàn án, eruku kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bàbá, tí kò pa ìrun kan jẹ látìgbà tó ti mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì, bi í bóyá omi àlùwàlá náà wà lára omi tó ń sọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, omi ni omi ń jẹ́." Nígbà tí a dé ilé, Bàbá ní ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó hàn pé kò mọ nǹkan kan nípa omi.

Àáfà tó ń kọ́ wa ní kéú, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwa, ló wá tú u sílẹ̀. Ó ní kí Bàbá máa ṣe tayámọ́mù. Ẹni tí omi kò bá ṣeé lò fún yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀ tó mọ́ tàbí òkúta, yóò fi pa ojú rẹ̀, yóò tún gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì, yóò fi pa ọwọ́, àlùwàlá rẹ̀ ti parí nìyẹn. Níwọ̀n bí nọ́ọ̀sì ti ní kí eruku jìnnà, òkúta ló kù. Bàbá mú pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé àga rẹ̀ tì í, a sì ń pè é ní òkúta Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. Kódà bí adìyẹ bá gun orí rẹ̀, ìyá àgbà mi á fi ìgbálẹ̀ lé e, á ní, "Kúrò níwájú Ọlọ́run, onídọ̀tí."

Báyìí la wà kí nǹkan tó mú Bọ̀dá Ràṣídì. Bọ̀dá Ràṣídì ni àbíkẹ́yìn Bàbá, àbúrò bàbá mi. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé ló sì ń sùn. Yóò jáde kí Àsùbáà tó tó, yóò wọlé lẹ́yìn Ìṣáì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bójú tó ilé gíga kan tí ọ́fíìsì pọ̀ sí, àti gbàgede olókùúta iwájú rẹ̀, tí wọ́n máa ń fọ̀ tí wọ́n sì máa ń kùn kó lè máa dán. Ibẹ̀ ni àìsàn ìmọ́tótó náà ti mú un. Tó bá jókòó tì wá nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú, yóò máa wo àgbàlá wa bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ikun ń dà nímú. Ó rí ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù sórí òkúta nígbà òjò. Ó rí àbàwọ́n epo pupa nídìí ààrò, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ìyá àgbà mi wá yọ̀ ṣubú lórí ohun aláwọ̀ ewé náà, tó jókòó sínú abọ́ láfún ara rẹ̀, tó sì dìde ní funfun láti ìbàdí dé ilẹ̀, kò sí egungun tó ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti parí. Bọ̀dá ní tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ òun ni, wọn ì bá ti gbé onílé lọ sí kóòtù. Bàbá bi í pé kí ni orúkọ onílé náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó gbogbo wa jọ, ó bá wa sọ̀rọ̀ bí ìmáàmù lórí mínbárì. A kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ tu koríko tó wà láàárín òkúta sí òkúta, a gbá a, a wá gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jáde àti ọṣẹ tí kò le. Ìyá àgbà mi ti gé ọsàn wẹ́wẹ́ kún agbọ̀n, nítorí òun ló fi ń fọ gbogbo ohun tó bá dọ̀tí. Bọ̀dá kọ̀, ó ní kíkan rẹ̀ máa jẹ ojú òkúta. Ìyá àgbà mi ní òkúta yẹn ti mu epo, ó ti mu omi ẹja, ó ti mu ìtọ̀ gbogbo ọmọ tí òun bí, kò sì tíì fẹjọ́ sùn. Bọ̀dá ní a kò gbọdọ̀ lo búrọ́ọ̀ṣì onírin náà, torí yóò ha á lára, ìpẹtà yóò sì mú un. Búrọ́ọ̀ṣì oníke ni kí a lò. Orí ìkúnlẹ̀ la wà títí Àlásárì fi tó, nígbà tí omi dúdú sì ṣàn lọ tán, a rí i pé òkúta wa kì í ṣe àwọ̀ kan. Òmíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn dúdú tó ní nǹkan wíńniwínni tó ń dán bí iyọ̀. Ìyá àgbà mi ní òun ti ń gbé ilé ọkọ láti ogójì ọdún láìrí ilẹ̀ rẹ̀. Ní ti àbàwọ́n epo, Bọ̀dá po ẹfun mọ́ omi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó fi ọ̀rá bò ó, ó sì fi òkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹfun lè fa epo náà jáde. Bàbá ń wò ó láti orí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú nínú báńdéèjì. Ó béèrè bóyá òkúta náà ń ṣe egbò ni, ó sì ní kí a má gbàgbé láti sọ fún un pé kó jìnnà sí omi.

Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi òkúta náà sílẹ̀ kó gbẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí Bàbá ti kí Àsùbáà, Bọ̀dá gbé kẹ́ẹ̀gì kan jáde tó rà ní Èkó, ohun tí wọ́n ń kùn sórí òkúta kí omi àti epo má bàa wọ inú rẹ̀. Ó ní orúkọ rẹ̀ gùn, òróró òkúta la sì ń pè é nílé. Ó fi róólà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, láti ìdí kànga títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, òkúta Bàbá ló fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Kí Àìlà tó tó, ó ti gbẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbàlá náà dán. Tí a bá da omi sí i, omi náà á ká jọ, á sì máa sá lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò lè fi bàtà tẹ ibi tó jọ pẹpẹ. Ewúrẹ́ rẹ̀, tó máa ń sáré wọlé wá jí èèpo iṣu wa, sáré wọlé bí ìṣe rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lọ sọ́nà mẹ́rin. Ó dìde, ó wò wá, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde. Àkùkọ wa rí àkùkọ mìíràn nínú òkúta, ó bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láfún tó máa ń gbẹ lọ́jọ́ méjì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kò gbẹ, torí òkúta kò mu omi mọ́, ó sì ń rùn bí karosíìnì. Bọ̀dá nìkan ló jẹ ẹ́. Ó ní òun ò gbọ́ òórùn kankan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun kan tí kò sẹ́ni tó kíyè sí ni pé ohùn òwúrọ̀ ti yí padà. Kò dún pà mọ́. Pẹ̀ ló ń dún, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbá tábìlì oníke.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Àáfà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tayámọ́mù ní kéú. Inú mi dùn, nítorí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán nílé. Àáfà ní ilẹ̀ tó mọ́ ni, tàbí iyanrìn, tàbí òkúta tí nǹkan kan kò bò. Ọmọbìnrin kan bi í nípa ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Àáfà ní, "Ọ̀dà ni ọwọ́ rẹ kàn yẹn. Kò kan ògiri." Mo fi ìka ṣírò rẹ̀ lábẹ́ wàláà: ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìrun márùn-ún lóòjọ́. Láyé ìgbà yẹn, mo rò pé Ọlọ́run máa ń dá ìrun tí kò pé padà bí tíṣà ṣe ń dá ìwé iṣẹ́ tí kò lórúkọ padà. Mo ti mọ̀ báyìí pé àánú Rẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì rí i lójú mi kedere pé Bàbá yóò dúró lọ́jọ́ ìdájọ́, wọn yóò sì gbé ìwé márùndínláàádọ́ta tó ṣófo fún un. Tí mo bá sọ, Bọ̀dá, tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn, máa di ẹlẹ́yà. Tí n kò bá sọ, Bàbá máa fi kún un lọ́jọ́ kejì. N kò rí ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́ rárá. Nígbà tí Àlásárì tó, tí Bàbá na ọwọ́ síwájú láti gbé e lé òkúta, mo sáré kúnlẹ̀, mo sì tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí òkúta náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni Bàbá gbá.

Ó wò mí. "Kí ló dé, Sìdí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kírun. Kì í ṣe òkúta ni ọwọ́ yín ń kàn."

Mo ṣàlàyé, mo ń sunkún. Kò bínú. Ó fi èékánná ha ojú òkúta náà, nǹkan tín-ín-rín kan bí ọ̀rá sì ká sókè. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó wá ní kí n lọ pe Àáfà. Lálẹ́ yẹn, lẹ́yìn tí Bọ̀dá ti Èkó dé, gbogbo ilé dúró yí òkúta kan ká. Àáfà bẹ̀rẹ̀, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú òkúta, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe kó tó rántí ohun tó mú un wá. Ó ní kò ṣeé lò. Ó ní èyí tí Bàbá ti kí láìmọ̀, Ọlọ́run Aláàánú ni, kò di dandan kó tún un kí, ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, kí ó wá òkúta mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà dun Bọ̀dá. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá wọ agbádá, ṣé kì í ṣe ẹni náà mọ́ ni?"

Bàbá ní, "Òun náà ni. Ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì bá gún agbádá mi lábẹ́rẹ́, ṣé ẹsẹ̀ mi máa san?"

Ìyá àgbà mi ní kí wọ́n yáa fọ òróró náà kúrò. Bọ̀dá gbé kẹ́ẹ̀gì náà wá, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé fún ọdún mẹ́wàá, kò sí omi, kò sí ọṣẹ, kò sí oòrùn tó lè ṣí i kúrò. Bàbá ní òun kò sọ pé òun kò ní rí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Ìṣáì ti dé.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkúta ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Ẹ bá mi rò ó wò. Èmi àti ìyá àgbà mi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìjẹmọ̀, a ń béèrè òkúta lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí òkúta yọ orí sínú yàrá wọn. Àpáta ẹ̀yìn ilé wa ti di ibi tí gbogbo àdúgbò ń da ilẹ̀ sí. Èyí tó wà lójú títì, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i pé ilé náà kì í ṣe títà. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára, ó tẹ́jú, àfi pé wọ́n kọ "Ẹ má tọ̀ síbí mọ́" sí i lára, ìyá àgbà mi sì ní "mọ́" yẹn ló ba òun lẹ́rù. Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣàánú wa, ó gbé ọlọ rẹ̀ wá. Òkúta ni ọlọ, àbí kí ni? Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e ka orí àpótí. Bàbá gbá a, pà, inú gbogbo wa dùn. Ó fi pa ojú. Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Bọ́sẹ̀ ti fi ń lọ ata lórí ọlọ náà, ata rodo àti ṣọ̀ḿbọ̀, ó sì ti wọ inú òkúta lọ. Bàbá kò já ìrun rẹ̀. Ó kí i tán pátápátá, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fà á nímú. Àwọn tó ń kọjá rí i. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, wọ́n ti ń sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ń pa bàbá arúgbó kan lẹ́kún ní Ìjẹmọ̀, obìnrin kan sì wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀ pé kí Bàbá ṣàdúrà fún òun nígbà tí omijé bá tún ń bọ̀. Bàbá kò fẹ́ dójú ti Ìyá Bọ́sẹ̀, nítorí náà ó ṣàdúrà fún obìnrin náà láìsí omijé.

Bọ̀dá náà gbìyànjú tirẹ̀. Bí ó ṣe ń bọ̀ láti Èkó, ó ní kí awakọ̀ dúró ní Kọ́bapẹ́, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kọndọ́kítọ̀ ní kó sanwó ẹrù. Obìnrin kan bi í pé níbo ló ń gbé òkúta lọ, ó ní Abẹ́òkúta. Ó ní gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọn ò sì dákẹ́ títí wọ́n fi wọ ìlú. Nígbà tí Àáfà yí i padà nílé, irin yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Kọnkéré ni, ara afárá tó já.

Ibi tó wá kù ni ẹnu ọ̀nà Àáfà fúnra rẹ̀, níbi tí òkúta kan tó mọ́ ti yọrí láti inú ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì á gbé Bàbá tòun tàga rẹ̀ lọ, wọn á tún gbé e padà, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Èèyàn ń kí i lọ́nà bí ọba. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí àga bá mì, egbò náà á ṣí, ní ìparí ọ̀sẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ti ń rin báńdéèjì. Nọ́ọ̀sì wá, ó wò ó, ó ní tí wọn ò bá dẹ́kun gbígbé e kiri, ẹsẹ̀ náà lè má ṣeé tọ́jú mọ́. Bàbá ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé òun lọ kí Àlásárì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nílé wa lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé láti ibi Àsùbáà, Bàbá jókòó sórí àga, ó sì ń kí àwọn ìrun ọjọ́ mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn padà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Bọ̀dá jáde láti inú yàrá, ó jókòó sórí ìlóro. Ó ní, "Bàbá, ẹ sinmi. Àáfà sọ pé kò di dandan."

Bàbá ní, "Márùndínláàádọ́ta ni tèmi, mo mọ iye rẹ̀. Tìrẹ ńkọ́, Ràṣídì?"

Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó bi í bí ẹni tó ń béèrè bóyá ó ti jẹun. Bọ̀dá, tó ń jáde kí Àsùbáà tó tó, tó ń wọlé lẹ́yìn Ìṣáì, la ẹnu. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì bí ẹni tó ń ṣírò. Ó ṣírò títí, kò rí òpin rẹ̀. Ó dìde, ó wọ ilé, ó gbé karosíìnì, tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, ọ̀bẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírin tó ti kà léèwọ̀ fún wa jáde. Ó kúnlẹ̀ síwájú òkúta Bàbá.

Kẹ́ẹ̀gì yẹn kò parọ́ rárá. Bọ̀dá ha á láti àárọ̀, ó da tínà sí i, ó dúró, ó tún ha á. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Àkùkọ wa dúró tì í, ó ń wo bí ọ̀tá rẹ̀ ṣe ń pòórá. Nígbà tí oòrùn fi yí, ibi tó ti ṣí kò ju àyè àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó rí gbágungbàgun, ó ṣá láàárín gbogbo dídán yẹn. Mo bu omi, a fọ̀ ọ́, a dúró kó gbẹ. Àáfà wá, ó fọwọ́ kàn án, ó mi orí. Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Pà.

Ìyá àgbà mi fi ìborùn bo ojú. Bọ̀dá lọ ṣe àlùwàlá níbi kànga, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, wọ́n sì jọ kí Àlásárì yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n jọ tún bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń kí padà. Bàbá parí tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ Bàbá san, nípa oore Ọlọ́run, ó sì padà sídìí omi. Síbẹ̀ tó bá ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀, bí ẹni tó ń kí aládùúgbò. Ó ti lọ báyìí, ìyá àgbà mi náà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bọ̀dá ló ni ilé. Tí òróró bá ti ń ṣá, ó máa ń fọ àgbàlá náà, yóò sì tún un kùn, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ gé páálí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, yóò fi bo ibẹ̀ kí róólà má bàa kàn án. Àwọn àlejò máa ń sọ fún un pé oníṣẹ́ rẹ̀ gbàgbé ibì kan.

Mo lọ kí i nígbà ọdún Iléyá tó kọjá. Ó ti darúgbó. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀, báńdéèjì wà níbẹ̀ láti orúnkún dé ọmọ ìka. Mo bi í, kí n lè pa á lẹ́rìn-ín, pé ìrun mélòó ló kù kó kí padà. Ó ní, "Sìdí, lọ jẹun." Yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mo máa ń sùn nígbà èwe, ni wọ́n fún mi. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gbọ́ pà lẹ́nu ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ti dìde láti lọ bu omi àlùwàlá kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.